Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Paris nínú ọkọ̀ ojú irin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Eurostar ni orúkọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1994 ló ti ń ná ọ̀nà yẹn, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn wa nílùú ọba máa ń béèrè nígbàkígbà tí ọlidé bá ti ń kanlẹ̀kùn. Kí ẹ tó ka ìdáhùn kankan, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: inú ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni ẹ ti máa bá ìmígíréṣọ̀n Faransé pàdé, kí ẹ tó fojú kan ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú físà, kò sì ní rọra máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Birmingham.

Ṣé ọkọ̀ ojú irin ló dára jù ni, àbí kí n wọ bàálù?

Tó bá jẹ́ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lẹ ti ń gbéra, tó sì jẹ́ ìgboro Paris lẹ̀ ń lọ, ọkọ̀ ojú irin ni tèmi. Wákàtí méjì àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló ń lò lójú ọ̀nà, ibùdókọ̀ Gare du Nord ló sì ń já èèyàn sí, níbi tí mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Paris, wà lábẹ́ ilé níbẹ̀. Bàálù yára lójú òfurufú lóòótọ́, àmọ́ ẹ ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Heathrow tàbí Luton, tẹ́ ẹ bá sì balẹ̀ tán, ẹ ó tún wá ọkọ̀ tó máa gbé yín wọ ìgboro. Ọ̀rọ̀ ẹrù náà tún wà ńbẹ̀, a máa dé orí ẹ̀.

Ẹni tí owó ò bá tó lọ́wọ́ ẹ̀ lè wo bọ́ọ̀sì bíi FlixBus. Owó rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ ojú irin dáadáa, òmíràn sì máa ń rin òru mọ́jú. Ìbàdí yín ló máa ròyìn ìyókù fún yín tẹ́ ẹ bá dé Paris.

Mo ní ìwé ìgbélùú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mò ń lò. Ṣé mo ṣì nílò físà?

Ẹ nílò ẹ̀. Ìwé ìgbélùú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ti iṣẹ́, ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹni tó lè gbé ibẹ̀ títí ayé, kò ní kí Faransé má bi yín ní físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, pàápàá àwọn tó ti gbé nílùú ọba fún ọdún gbọọrọ, àmọ́ òfin ni. Físà náà fún yín láàyè láti lo ọjọ́ tí kò ju 90 lọ láàárín ọjọ́ 180, iye ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ sára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí ó lè máà tó bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 29 ló ń lò ó, nítorí náà físà tí Faransé fún yín lè gbé yín dé Belgium, Netherlands tàbí Jámánì láìsí wàhálà.

Báwo ni mo ṣe máa gba físà ọ̀hún?

Ẹ ó kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íkànnì físà ìjọba Faransé, lẹ́yìn náà ẹ ó gba ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ TLScontact, tó ń bá wọn gbàwé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Edinburgh. Owó físà jẹ́ €90 fún àgbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọmọ tí kò tíì pé 6 kì í san. Ilé iṣẹ́ tó ń gbàwé máa ń gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó, àmọ́ ó lè dé 45 bí wọ́n bá fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ sí i. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀ máa ń ṣòro rí tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti Kérésì bá ti ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ ní oṣù kẹjọ, tó wá ń dúró di oṣù keje kó tó bẹ̀rẹ̀, ń fi ọlidé ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ní ti ìwé: pásípọ́ọ̀tù tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, tó máa ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Schengen, tó sì ní ojú ìwé méjì tó ṣófo. Ẹ ó fi hàn pé ẹ láṣẹ láti máa gbé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé àṣẹ yẹn kò ní tán nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà. Wọn ó béèrè sítétímẹ́ǹtì báńkì, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ètò lílọ àti bíbọ̀, àti inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè gbé ìtọ́jú àìsàn tó tó €30,000, ó kéré tán.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan yín ní Paris lẹ máa sùn, lẹ́tà tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ kò tó. Ó máa lọ sí gbọ̀ngàn ìlú àdúgbò ẹ̀, ìyẹn mairie, kó lọ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation d'accueil. €30 ni sítáǹbù orí ẹ̀, wọ́n sì lè ní kó mú ẹ̀rí wá pé àyè wà nílé òun. Ìwé yìí gan-an lẹ máa fi sínú ohun tẹ́ ẹ máa kó lọ. Ẹ tètè bá onílé yín sọ ọ́, torí gbogbo gbọ̀ngàn ìlú kọ́ ló yá lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n yín náà á sì ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó tó lè lọ tò níbẹ̀.

Mo fẹ́ lo ọjọ́ díẹ̀ ní Paris, kí n wá gba ibẹ̀ lọ sí Amsterdam. Ta ni mo máa bá gba físà?

Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù ni. Bí Paris bá jẹ́ alẹ́ méjì, tí Amsterdam jẹ́ mẹ́rin, Netherlands ló ni yín. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni.

Àbúrò mi ń bọ̀ wá kí mi láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò. Ṣé ó lè gba ti Faransé tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù?

Ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin ní kó ti béèrè fún físà Schengen. Nàìjíríà ni àbúrò yín ń gbé, nítorí náà kó tó kúrò nílé ló yẹ kó ti gba méjèèjì. Kó tún yẹ físà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ wò dáadáa pé ó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí bó bá ti dé Paris, ó ti jáde nìyẹn. Ìwọlé tuntun ni ìpadàbọ̀ ẹ̀ máa jẹ́.

Ọmọ Yorùbá ni mí, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ kò nílò físà fún ọjọ́ 90 láàárín 180. Ètò ETIAS, àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá owó rẹ̀ sí €20, ni wọ́n ní ó máa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2026 fún irú yín. Bí íkànnì kankan bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó ẹ̀ kí ìjọba Yúróòpù fúnra wọn tó ṣí i, gbájúẹ̀ ni wọ́n.

Kí ni EES tí gbogbo èèyàn ń sọ?

Ìwé àkọsílẹ̀ ààlà ni, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ló wà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó díẹ̀díẹ̀ dípò sítáǹbù inú pásípọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ya fọ́tò ojú yín, wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka yín. Ẹni tó bá ti fi ìtẹ̀ka sílẹ̀ nígbà tó ń gba físà, fọ́tò nìkan ló kù. Wọn kì í gba ìtẹ̀ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni àkókò: ìlà lè gùn lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀.

Níbo ni mo ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà wo ló sì máa ń rọjú?

Lórí íkànnì Eurostar tàbí áàpù wọn. SNCF Connect àti Trainline náà ń tà á, àmọ́ bí nǹkan bá dàrú, ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ lọ bá. Èmi máa ń rà á tààrà lọ́wọ́ Eurostar nítorí èyí nìkan.

Iye tíkẹ́ẹ̀tì kò dúró lójú kan. Bí àga ṣe ń tán ni owó ń gòkè. Ẹ lè rí èyí tí kò ju nǹkan bíi £39 lọ fún lílọ nìkan tẹ́ ẹ bá tètè rà á ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ lọ lè san ohun tó ju £200 fún àga kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló sábà máa ń rọjú. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú máa ń gun òkè àjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá wà ní ọlidé. Ọjọ́ Kérésì gan-an, wọn kì í ṣiṣẹ́ rárá.

Oríṣi mẹ́ta ni àga: Standard, Plus àti Premier. Ní Plus, àga fẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń gbé ìpápánu wá bá yín. Premier wà fún àwọn tí ọ́fíìsì ń sanwó fún. Fún wákàtí méjì, Standard tó. Bí aago tẹ́ ẹ máa lọ kò bá jẹ yín lógún, Eurostar Snap tún wà: ẹ mú ọjọ́, ẹ sọ bóyá àárọ̀ tàbí ọ̀sán lẹ fẹ́, owó á dín, àmọ́ ó máa kù díẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Ẹni tó ní ìnáwó níwájú, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò lọ síbi ìgbéyàwó.

Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde?

Ètò ìrìn àjò ni wọ́n fẹ́ rí nínú ìwé yín. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa pàṣípààrọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣe é gbé sí ọjọ́ míì, tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ owó nìkan lẹ máa san, ni kẹ́ ẹ wá. Kí wọ́n dá owó padà fúnni yàtọ̀ sí kí wọ́n báni yí ọjọ́. Wọ́n máa ń yọ nínú owó kí wọ́n tó dá a padà, ìgbà tí wọ́n sì fún yín láti béèrè ní gbèdéke.

Orúkọ mi gùn. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?

Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, láìsí àmì ohùn. Ibi tó ti ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ ni ti orúkọ ìdílé. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù pè ní Adéwálé, Olúwaṣeun Michael, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Michael Adé, máa kọ "Oluwaseun" síbi orúkọ àkọ́kọ́, "Adewale" síbi orúkọ ìdílé. Orúkọ orí Facebook kò sí lára ohun tí wọ́n ń wò. Ìyàwó ilé tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́, àmọ́ tó jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ ló ṣì wà nínú ìwé, orúkọ bàbá ẹ̀ náà ni kó lò. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wọn kì í fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 lè jókòó lẹ́sẹ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 4 dé 11, tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé ni. Ọmọ jòjòló pàápàá gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tiẹ̀, àti físà tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà ló ní. Bó bá jẹ́ ìyá nìkan tàbí bàbá nìkan ló ń mú ọmọ lọ, tàbí tó jẹ́ àǹtí tàbí ìyá àgbà, ẹ mú lẹ́tà àṣẹ òbí tó kù dání pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ àti èyí tí ọmọ ń jẹ́ sábà máa ń yàtọ̀ láàárín wa, ìyẹn gan-an ló sì máa ń mú ẹ̀ṣọ́ ààlà wojú èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Aago mélòó ló yẹ kí n dé St Pancras?

Wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú ni tèmi, ẹni tó ní físà nínú pásípọ́ọ̀tù kó má dín in. Ẹ wo aago tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń ti ẹnu ọ̀nà, wọn kì í sì í ṣí i fún ẹkún.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Abbey Wood, Plumstead tàbí Woolwich lè wọ Thameslink tààrà dé St Pancras. Laìnì Tube mẹ́fà ló dúró níbẹ̀, Victoria àti Northern wà lára wọn, orúkọ tó sì wà lára pátákó wọn ni King's Cross St Pancras. Ìsàlẹ̀, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, ni ẹnu ọ̀nà Eurostar wà. Ẹ má gòkè lọ máa wá a nídìí ère ọkùnrin àti obìnrin tó dìrọ̀ mọ́ra.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ ó fi tíkẹ́ẹ̀tì inú fóònù sójú ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn kékeré á ṣí. Ẹ ó gbé báàgì, kóòtù àti ohun tó wà lápò sórí ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò. Wọn kì í ka omi àti ìpara lẹ́ẹ̀wọ̀ bíi ti pápákọ̀ òfurufú, nítorí náà ìgò omi yín lè tẹ̀ lé yín. Lẹ́yìn èyí ni ọlọ́pàá ààlà Faransé. Inú ilé gíláàsì ló máa ń jókòó sí. Ó máa ṣí ojú ìwé tí físà wà, á gbé e sórí ẹ̀rọ, á wojú yín, ó sì lè béèrè pé níbo lẹ máa sùn, ọjọ́ wo lẹ máa padà. Físà kò ní kó má béèrè. Ẹ jẹ́ kí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tàbí attestation yín, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti inṣọ́ránsì wà lọ́wọ́ ní bébà, torí fóònù mọ bó ṣe ń kú síni lọ́wọ́ nírú àsìkò yẹn. Ẹ dáhùn ohun tó bi yín, ẹ má fi ìtàn kún un.

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ wà lọ́wọ́ Faransé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù lẹ ṣì wà. Ẹ ó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdúró títí wọ́n á fi pe ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ náà gùn tó nǹkan bí 400 mítà, kóòṣì 16 tàbí 18 ló ní, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà kóòṣì lára tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gòkè, kẹ́ ẹ má bàa máa wọ́ àpótí láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì.

Ẹrù mélòó ni wọ́n gbà?

Àpótí méjì tí gígùn ẹ̀ kò ju 85 sẹ̀ǹtímítà lọ, àti báàgì ọwọ́ kan, fún àgbà tó wà ní Standard tàbí Plus. Kò sí ẹni tó máa gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá mọ ìnira kílò 23 ní Muritala Muhammed, tó ti kúnlẹ̀ rí níwájú káúńtà láti máa yọ gèlè àti bàtà láti inú àpótí kan sínú òmíràn, á mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e sókè sínú ọkọ̀ ṣá, ẹ ó sì tún gbé e sọ̀. Ọ̀bẹ ìdáná kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ìdáná.

Ṣé mo lè gbé oúnjẹ dání fún ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Yúróòpù. Ẹran díndín, kílíṣí, ọbẹ̀ tí ṣàkì wà nínú ẹ̀, sáńdíwíìṣì oní-háàmù, kò sí èyí tó yọ síbẹ̀. Wọ́n gbà kí wàrà oníyẹ̀fun ọmọ jòjòló wọlé tí kò bá ju kílò méjì lọ, tó sì wà nínú agolo ẹ̀. Ẹja yàtọ̀: ẹja gbígbẹ àti edé lè wọlé tí kò bá ju kílò 20 lọ fún ẹnì kan. Gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì kò ní wàhálà. Iṣu tútù àti ẹ̀fọ́ tútù nílò ìwé ẹ̀rí àìlárùn láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ gbà torí iṣu kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn kò nílò ẹ̀.

Ká sòótọ́, kí lẹ tún fẹ́ gbé iṣu lọ sí Paris ṣe? Tẹ́ ẹ bá wọ mẹ́tírò laìnì 4 ní Gare du Nord, ibùdó kejì ni Château Rouge. Ẹ jáde síta níbẹ̀, ọjà àwọn ará Áfíríkà lẹ bọ́ sí yẹn: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹja gbígbẹ, ata, àǹkárá.

Abẹ́ òkun ni wọ́n ní ó ń gbà. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ń gbà, omi jìnnà sókè yín. Ihò náà gùn tó kìlómítà 50, nǹkan bíi 38 nínú rẹ̀ ló wà lábẹ́ òkun. Inú ẹfun líle tí omi kì í tètè là kọjá ni wọ́n gbẹ́ ẹ gbà. Ihò mẹ́ta ni: ọkọ̀ tó ń lọ ní tiẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ní tiẹ̀, ìkẹta sì wà láàárín wọn fún iṣẹ́ àtúnṣe àti ìsákúrò bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì àti Ààrẹ François Mitterrand ló ṣí i ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1994.

Nínú ọkọ̀, ẹ kò ní rí nǹkan kan tó jọ òkun. Fèrèsé á kàn ṣú, etí yín lè dí díẹ̀, ọkọ̀ á dín eré kù láti 300 kìlómítà ní wákàtí kan sí 160. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó sì rí oko Faransé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sùn kọjá ẹ̀.

Aago ńkọ́, àti fóònù?

Wákàtí kan ni Paris fi ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù, nígbà òtútù àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí lílọ fi máa ń dà bíi pé ó ju wákàtí mẹ́ta lọ lójú bébà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù yín iye tí wọ́n ń gbà ní Yúróòpù. Owó yúrò ni wọ́n ń ná.

Mo dé Gare du Nord. Kí ló kàn?

Ẹ kàn máa jáde lọ ni, torí pé ìmígíréṣọ̀n ti tán ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ di báàgì yín mú. Àwọn jáwójáwó mọ ibùdókọ̀ yẹn ju olùgbé ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tírò lójú ẹ̀rọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá tún ń tẹ̀ síwájú, ibùdókọ̀ míì lẹ máa lọ. Gare de l'Est, níbi tí ọkọ̀ Strasbourg àti Jámánì ti ń gbéra, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gare de Lyon ni ti Lyon, Marseille àti Barcelona: RER D, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Paris, máa gbé yín débẹ̀, ibùdó kejì ni. Ẹ fi wákàtí kan àtààbọ̀, ó kéré tán, sáàárín ọkọ̀ méjèèjì, pàápàá tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, torí ọkọ̀ kejì kò ní dá yín mọ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́.

Tí mo bá ń padà bọ̀ ńkọ́?

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Gare du Nord ni ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù wà. Faransé á kọ́kọ́ rí i pé ẹ ti ń jáde, lẹ́yìn ẹ̀ ni ìmígíréṣọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbẹ̀ náà ní Paris.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. eVisa tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò báyìí, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì fi ń rí i. Ẹni tó bá lọ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tuntun, tí kò wá fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì UKVI rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí eVisa wà, ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara ẹ̀: ẹ̀rọ á wo pásípọ́ọ̀tù tuntun, kò ní rí àṣẹ kankan nídìí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ wọlé sínú àkáǹtì náà, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ dání pẹ̀lú.

Ẹ má sì ra wàràkàṣì bọ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti Yúróòpù nítorí àrùn ẹnu àti pátákò ẹran ọ̀sìn. Sáńdíwíìṣì tẹ́ ẹ rà ní ibùdókọ̀ náà wà lára ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Búrẹ́dì àti ṣokoléètì lè wọlé.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́, tàbí tí wọ́n wọ́gi lé e?

Tí wọ́n bá wọ́gi lé e, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó yín padà tàbí kí wọ́n gbé yín sí ọkọ̀ míì láìgba kọ́bọ̀. Tó bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ kó tó gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀nà yẹn tọ́ sí yín. Tó bá tó wákàtí méjì, ìdáajì ni. Orí íkànnì wọn lẹ ti máa béèrè ẹ̀, ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì omi tàbí oúnjẹ tẹ́ ẹ rà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dúró. Bí àṣẹ físà yín bá fẹ́ tán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò lọ, ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá ààlà Faransé ní Gare du Nord lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì fi ìwé tí Eurostar fi sọ pé ọkọ̀ kò lọ hàn wọ́n.